Fífi ọwọ́ ara ẹni tún ilé àtijọ́ ṣe l'Ékòó: láti orí páànù dé ìdí ògiri

Ilé tí mo ní lọ́kàn ni irú èyí tó ṣì kù díẹ̀ ní Pópó Àgùdà, ní Òkè-Sùúnà, ní Ìta Fájì àti ní Èbúté-Mẹ́ta: ilé tí ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀ tó nípọn, tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ lójú, tí páànù bo orí rẹ̀, tí ilẹ̀ yàrá òkè rẹ̀ jẹ́ pákó, tí fèrèsé rẹ̀ sì jẹ́ onípákó tó ń ṣí tó ń pa bí ẹ bá ti ọ̀pá àárín rẹ̀ sókè sódò. Àwọn Àgùdà tó padà dé láti Brazil àti Cuba ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló bẹ̀rẹ̀ irú ilé yìí l'Ékòó, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn sì kọ́ púpọ̀ sí i.

Ọjọ́ orí kọ́ ló ń wó ilé wọ̀nyí. Omi ni. Símẹ́ńtì tí a rò pé a fi ń gbà wọ́n là ló sì ń bá omi lọ́wọ́ sí iṣẹ́ náà. Amọ̀ máa ń fa omi mu, á sì tú u jáde bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ sí i. Bí a bá wá fi símẹ́ńtì líle dí i lójú, omi tó wọlé láti òrùlé tàbí láti ilẹ̀ kò ní rọ́nà jáde mọ́. Amọ̀ inú á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí pílásítà á fi dá dúró ní tirẹ̀, tí ohunkóhun kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi eegun ìka kàn án, ẹ ó gbọ́ pé inú rẹ̀ ṣófo.

Nítorí náà, òrùlé ni a ó kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà ilẹ̀ àyíká ilé, lẹ́yìn náà ògiri, kí a tó kan pákó àti ọ̀dà. Ẹni tó bá fi ọ̀dà ṣáájú, owó ló ń kùn mọ́ ògiri.

Ẹbí, ìwé àṣẹ, àti ibi tí ọwọ́ wa kò gbọdọ̀ dé

Ilé ẹbí ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ pe olórí ẹbí àti dáwódù, kí ẹ sì pe àwọn tí kò gbé inú ilé náà pàápàá, torí àwọn gan-an ló máa ń kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí. Ẹ kọ ìpinnu yín sínú ìwé, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i: ta ló ń náwó, kí ló fẹ́ ṣe, ṣé ọrẹ ni owó náà tàbí wọn yóò máa yọ ọ́ padà nínú owó ilé. Owó tí ẹnì kan ná sórí ilé ẹbí kì í sọ ilé náà di tirẹ̀ nìkan, bó ti wù kó pọ̀ tó. Ó sàn kí gbogbo wọn gbọ́ èyí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ju kí wọ́n wá gbọ́ ọ ní kóòtù.

Ẹ wádìí bóyá ilé yín wà lára àwọn tí ìjọba kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún ìdáàbòbò. Ti ìjọba àpapọ̀ wà lọ́wọ́ National Commission for Museums and Monuments. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní òfin tirẹ̀ láti 2011. (Ìwé nìkan ò sì tó o. Ilé Ilojo Bar tó wà ní Tinúubú, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí wọ́n kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016.) Bí ẹ bá fẹ́ wó ògiri, fi yàrá kún ilé, tàbí yí ìrísí rẹ̀ padà, LASPPPA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó, ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ, LASBCA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó mìíràn, ló sì ń ṣọ́ iṣẹ́ náà. Kódà bó jẹ́ àtúnṣe kékeré ni, ẹ yà lọ béèrè.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yí ilé ká, kí ẹ wo gbogbo ibi tí ògiri ti lanu. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí òkè àti ìsàlẹ̀ ibi tí ó là dé, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ fi pílásítà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ ẹ́ lójú ní àárín. Bí pílásítà yẹn bá sán lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, tàbí tí ìlà náà bá ré àmì yín kọjá, ilé ń rìn nìyẹn. Ògiri tó ń rìn, ògiri tó yọ ikùn síta, igi àjà tó ti tẹ̀ wálẹ̀, òpó tó ti sán, iṣẹ́ ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN (àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà) ni, kì í ṣe ti èmi àti ẹ̀yin. Ilé alájà tó wó ní Ìta Fájì ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2019, ilé ẹ̀kọ́ ló wà lókè rẹ̀, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tó kú. Ẹ má fi òòlù dán irú ìyẹn wò.

Ní ti àsìkò, ẹ jẹ́ kí àròkúrò kọjá kí ẹ tó ṣí ohunkóhun. Láti oṣù kọkànlá títí dé ìgbà tí àkọ́rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ni àyè wà fún òrùlé àti ògiri. Iṣẹ́ pákó kò mọ ìgbà, ẹ lè gbé e wọlé ṣe nígbà òjò.

Òrùlé

Ní ọ̀sán gangan, kí ẹnì kan pa gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ẹ̀yin gun inú àjà lọ. Ẹ jókòó sínú òkùnkùn náà títí ojú yín yóò fi mọ́ ọn. Gbogbo ojú ìṣó tó ti fẹ̀ àti gbogbo ibi tí ìpẹtà ti jẹ páànù lu yóò máa tàn wínníwínní lókè. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí wọn po. Tí òjò bá rọ̀, ẹ tún padà gun ibẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, torí omi kì í sábà kán sí ibi tó ti wọlé. Á máa bá ara igi òrùlé rìn títí dé ibi tí igi náà ti pàdé òmíràn, ibẹ̀ ni yóò ti kán sórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú ibi tó kán sí ni ẹ ti máa tọ ipa rẹ̀ lọ sókè. Igi tó bá tutù tàbí tó dúdú ni yóò júwe ọ̀nà.

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe àjà kí ẹ tó gùn ún. Bó bá jẹ́ pátákó pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú tó ti pẹ́ gan-an, ó ṣeé ṣe kí asbestos wà nínú rẹ̀. Èyí tó ṣì dúró dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ kùn ún lọ́dà. Ẹ má fi ayùn gé e, ẹ má lu ihò sí i, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá èérún rẹ̀ ní gbígbẹ. Eruku rẹ̀ tí a bá fà símú ló lè di àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tó ti fọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ yọ, ẹ wọ́n omi sí i kó rin gbindin, ẹ wọ ìbomú gidi tí kì í ṣe aṣọ lásán, ẹ yọ ìṣó rẹ̀ kó lè bọ́ ní odindi, ẹ wé e sínú náílọ́ọ̀nù onípele méjì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ LAWMA, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìdọ̀tí l'Ékòó, ibi tí wọ́n á gbé e lọ. Kì í ṣe ohun tí a ń dà sí ẹ̀bá títì.

Nísinsìnyí, páànù fúnra rẹ̀. Ìdí àkàbà gbọ́dọ̀ jìnnà sí ògiri: bí àkàbà bá ga tó mítà mẹ́rin, kí ìdí rẹ̀ jìnnà tó mítà kan. Ẹ so orí rẹ̀ mọ́ nǹkan, kí ẹnì kan sì di ìdí rẹ̀ mú. Lórí òrùlé, orí ìlà ìṣó nìkan ni kí ẹ máa tẹ̀, torí abẹ́ ibẹ̀ ni igi wà. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ó rí i pé ojú ìṣó ló ń jò jù, kì í ṣe páànù. Èyí tó ti yọ ọrùn sókè, ẹ fà á yọ, ẹ fi èyí tó gùn díẹ̀ sí i rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà lábẹ́ orí rẹ̀. Orí ibi tí páànù ti wú sókè ni ìṣó ń gbà wọlé, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń ṣàn gbà. Ihò kékeré, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, ẹ fi bítúmẹ̀nì (ohun dúdú bí ọ̀dà títì) kùn ún, ẹ tẹ́ aṣọ tó lágbára lé e kó tóbi ju ihò náà lọ yíká, kí ẹ tún fi bítúmẹ̀nì bo aṣọ náà. Páànù tó bá ti ní ihò káàkiri, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Lílẹ̀ ẹ́ kò ní kádìí ọdún.

Ẹni tó bá fẹ́ fi alumíníọ̀mù rọ́pò, kó ra ìṣó tí wọ́n ṣe fún un. Iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ òkun àti ọ̀sà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí irin àti alumíníọ̀mù bá sì fara kan ara wọn nínú iyọ̀ àti omi, ọ̀kan yóò jẹ èkejì.

Ilẹ̀ àyíká ilé

Ojú títì l'Ékòó kì í lọ sílẹ̀, òkè ló ń lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un dà ló ń ga sí i, ilé àtijọ́ á wá bá ara rẹ̀ nínú kòtò, gọ́tà á sì ga ju ìloro lọ. Lẹ́yìn náà àwọn ará ilé á tún fi símẹ́ńtì gbé àgbàlá sókè kí ẹsẹ̀ wọn má bàa tutù, omi á wá fara ti ògiri amọ̀ tọ̀sán-tòru.

Ẹ hú u kúrò. Kí ilẹ̀ ìta tó fara kan ògiri wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ inú ilé, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 15, kó sì dàgẹ̀rẹ̀ kúrò lára ilé. Ẹ ṣe é ní abala-abala, mítà kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sì wa ilẹ̀ kọjá ìdí ògiri. Ẹ̀gbẹ́ tí ojúlé aládùúgbò bá há mọ́ yín tí ẹ kò rí àyè dà á gẹ̀rẹ̀, ẹ gbẹ́ kòtò tóóró, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ kún un, kó lè fa omi lọ sí gọ́tà. Ẹ fi gọ́tà gba ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé, kó má máa kán sí ìdí ògiri. Ẹ wo páìpù balùwẹ̀ àti omi tó ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù, torí nígbà míì àwọn ni a ń bú ilẹ̀ fún.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dúró. Ògiri amọ̀ tó ti mu omi fún ọ̀pọ̀ ọdún kò ní gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ èèrùn ṣe tirẹ̀.

Ògiri

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù, ibí náà ni ọwọ́ ara ẹni ti wúlò jù, torí bíríkìlà tí ẹ bá pè yóò mú símẹ́ńtì wá. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ fi òòlù onígi kan gbogbo ògiri, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí ibi tó dún bí ohun tó ṣófo po. Símẹ́ńtì tó ṣì gbá ògiri mú tí ibẹ̀ sì gbẹ, ẹ fi í sílẹ̀! Bí ẹ bá fi agídí yọ ọ́, yóò ya amọ̀ dání bọ̀. Èyí tó ṣófo nìkan ni kí ẹ yọ, àti èyí tó wà nísàlẹ̀ tó ń lómi: ẹ yọ ọ́ dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 kọjá orí ibi tí omi gùn dé. Ìwọ̀n mítà kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ má bọ́ gbogbo ara ògiri sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí ẹ bá rí i pé amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti di ẹrọ̀fọ̀ tí ọwọ́ ń rì sínú rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ pe ẹni tó lè fi igi ti ilé náà.

Ohun funfun tó ń hù sára ògiri, iyọ̀ ni. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a, ẹ kó o dànù. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, ẹ ó kàn rán an padà sínú ni.

Ibi tí amọ̀ ti jẹ wọlé, amọ̀ ni a ó fi dí i. Ẹ kó amọ̀ tó já bọ́, ẹ fọ́ ọ, ẹ ṣà á lókùúta, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Ẹ gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sí i, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ wọ́n omi sára ògiri, kí ẹ máa sọ amọ̀ náà mọ́ ọn tagbára-tagbára, kì í ṣe kí ẹ máa fi ọwọ́ pa á. Ihò tó jìn, ẹ kọ́kọ́ fi ègé amọ̀ gbígbẹ há a, kí ẹ tó fi tútù bò ó. Ẹ jẹ́ kí ìpele kan gbẹ kí òmíràn tó gun orí rẹ̀. Yóò sán díẹ̀ bó bá ń gbẹ, kò burú, ibẹ̀ ni ohun tó ń bọ̀ yóò ti rí ìdìmú.

Ohun tó ń bọ̀ náà ni láìmù, ìyẹfun funfun tí wọ́n ń rí nínú òkúta ẹfun tí wọ́n sun. Ìkarahun inú omi náà ṣeé sun fún un. Láìmù máa ń jẹ́ kí amọ̀ mí, kì í sì le bíi símẹ́ńtì. Ọjà kẹ́míkà Ọjọ́ta ni ẹ ó ti rí i, àpò-àpò ni wọ́n ń tà á. Orúkọ tí ẹ ó pè fún wọn ni hydrated lime. Ẹ la ojú yín o, torí calcium carbonate wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, funfun bákan náà, kúnná bákan náà, òun ni àwọn tó ń po ọ̀dà ń rà. Ẹni tó ń tajà lè sọ fún yín pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan náà ni wọ́n." Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Calcium carbonate kò ní le láéláé, ẹ ó kàn gbá a nílẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí: ẹ mú òrombó wẹ́wẹ́ tàbí fínígà dání. Ẹ bu ìyẹfun náà ṣíbí kan sínú ife ike, ẹ fún òrombó sí i. Calcium carbonate yóò hó kùṣùkùṣù lójú ẹsẹ̀. Láìmù gidi kò ní hó, tàbí kó hó díẹ̀ kínún bó bá ti pẹ́ nínú àpò tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ̀ ọ́. Èyí tó bá hó gidigidi, ẹ fi í sílẹ̀ fún oní-ọ̀dà.

Láìmù máa ń jó ara. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, apá gígùn, àti awò tó bo ojú yíká. Tó bá ta sójú, omi púpọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ.

Yanrìn tí ẹ ó fi pò ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó mú lọ́wọ́, tí kì í ṣe yanrìn etíkun, torí iyọ̀ inú rẹ̀ yóò máa pe omi wá. Ẹ dán an wò: ẹ bu yanrìn sínú ìgò dé ìdajì, ẹ fi omi kún un, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ gbé e kalẹ̀ dọjọ́ kejì. Ẹrẹ̀ yóò jókòó sórí yanrìn náà. Bí ẹrẹ̀ náà bá nípọn, ẹ fọ yanrìn yín tàbí kí ẹ wá òmíràn.

Ìwọ̀n rẹ̀ ni láìmù kan sí yanrìn mẹ́ta, korobá kan náà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ fi omi díẹ̀díẹ̀ pò ó, ẹ pò ó pẹ́, omi tó bá pọ̀ jù ló ń jẹ́ kó sán. Ẹ ta omi sára ògiri, ẹ rẹ́ ìpele àkọ́kọ́ kó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ẹ fi ìṣó fa ìlà gbọọrọgbọ sí i lára kó tó le, kí ìpele kejì lè rí nǹkan dì mú. Afẹ́fẹ́ ni láìmù ń lò láti le, kò sì lè lò ó bí ara rẹ̀ bá gbẹ tán. Nítorí náà ẹ fi àpò ìdọ̀họ tó tutù bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi fẹ́rẹ́ sí i fún bí ọ̀sẹ̀ kan, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹni tó ń kánjú kò ní gbádùn láìmù. Bí símẹ́ńtì ṣe ń le ní ọjọ́ kan, òun fẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ọnà tó wà lórí fèrèsé àti ìgun ilé náà ṣeé tún ṣe. Ẹ gé pátákó líle sí ìrísí ọnà tó ṣẹ́kù, kó bá a mu régírégí, ẹ gé abala páànù tó rí bákan náà kàn mọ́ ojú rẹ̀. Ẹ kan igi tó tọ́ mọ́ ògiri lábẹ́ ibẹ̀ kó lè máa rìn lórí rẹ̀. Ẹ máa fi láìmù sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fa pátákó yẹn kọjá lórí rẹ̀ lọ sápá kan. Ní fífà kẹta-kẹrin, ọnà bàbá yín àgbà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú.

Pákó: ikán, ilẹ̀ òkè, fèrèsé

Ẹ wá ọ̀nà amọ̀ tí ikán là gun ògiri, kí ẹ tọ̀ ọ́ dé ilẹ̀. Ẹ wó gbogbo rẹ̀, ẹ fi oògùn ikán sí ibi tó ti jáde, kí ẹ rí i pé pákó kankan kò fara kan ilẹ̀ tútù mọ́. Igi tuntun tí ẹ bá lò, ẹ fi Solignum, oògùn tí a ń fi dáàbò bo igi, kùn ún, ní pàtàkì ojú ibi tí ayùn ti gé e. Ìbomú lẹ́nu, fèrèsé ní ṣíṣí. Arère dín lówó, ṣùgbọ́n oúnjẹ ikán ni. Ìrókò àti apá ló yẹ ilé báyìí. Wọ́n ti ń kó àwọn oníṣòwò pákó Òkò Bàbá lọ sí Agbọwá, nítorí náà ẹ béèrè ibi tí oníbàárà yín wà kí ẹ tó wọ ọkọ̀.

Ní ilẹ̀ pákó òkè, ìdí igi àjà tó wọ inú ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ló ti máa ń jẹrà tí ojú kò rí i. Ẹ fi ìṣó ńlá gún un. Bí ìṣó bá wọlé wẹ́rẹ́, ẹ kó ẹrù kúrò ní yàrá yẹn, ẹ pe ẹnjiníà. Pákó tó kàn ń dún lásán, síkúrù ni oògùn rẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀ yín fún Ọlọ́run ni pé kí ẹ má da símẹ́ńtì sórí rẹ̀ nítorí táìsì. Símẹ́ńtì tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 wúwo ju kílò 100 lọ lórí mítà kan níbùú àti lóròó, ká má tíì ka táìsì fúnra rẹ̀. Wọn kò kọ́ igi àjà wọ̀nyẹn fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Fèrèsé ni iṣẹ́ tó dùn jù. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí ìlẹ̀kùn fèrèsé kọ̀ọ̀kan àti sí férémù rẹ̀ kí ẹ tó tú híńjì. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí náà ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ fá a, ẹ má sì fi iná jó o. Ẹ rin ín lómi, ẹ họ ọ́, ẹ kó èérún rẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù, kí àwọn ọmọ má sí nítòsí.

Ibi tó ti rà, ẹ gé e kúrò ní gígùn dàgẹ̀rẹ̀ tó tó ìlọ́po mẹ́ta bí pákó náà ṣe nípọn. Ẹ gé igi irú kan náà kó bá a mu, ẹ fi gọ́ọ̀mù tí omi kì í tú lẹ̀ wọ́n, ẹ lu ihò méjì kọjá, kí ẹ kan èèkàn igi wọ̀ ọ́. Ìṣó irin yóò dípẹtà nínú afẹ́fẹ́ ọ̀sà, yóò wú, yóò sì la pákó náà. Síkúrù idẹ ni kí ẹ lò. Ní ti àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yí, etí wọn méjèèjì ní ọmọ kékeré tó wọ inú férémù. Ọmọ yẹn ló sábà máa ń kán. Ẹ má sọ pákó náà nù: ẹ lu ihò sí etí rẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù gbin èèkàn ìrókò tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Wáyà tó so wọ́n mọ́ ọ̀pá àárín, ẹ fi wáyà kọ́pà tí ẹ bọ́ lára okùn iná àtijọ́ rọ́pò rẹ̀, kò ní dípẹtà. Híńjì àtijọ́ tó nípọn ṣì ń bọ́ sọ́jà ní Ọ̀wọ́dé Onírin, ó sì dára ju tuntun lọ.

Ẹ fi òróró linseed kun pákó tó ti gbẹ, kó mu ún yó, kí ẹ tó lọ́dà sí i, ẹ má gbàgbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ojú kì í dé. Àkísà tí ẹ fi nù ún, ẹ tẹ́ ẹ gbẹ síta tàbí kí ẹ rì í sómi. Bí ẹ bá ká a jọ sí kọ̀rọ̀ kan, ó lè gbaná fúnra rẹ̀.

Iná mànàmáná

Kúkúrú ni tèmi níbí. Rọ́bà ara wáyà àtijọ́ máa ń fọ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ pa iná láti ibi mítà, kí ẹ pe ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò. Ẹ rí i pé wáyà 1.5 mm ló lọ sí gílóòbù, 2.5 mm sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 mm sí ẹ̀rọ amúlétutù, kí ó sì ri irin ilẹ̀ (earth) mọ́lẹ̀ fún yín. Iṣẹ́ tiyín ni kí wọ́n ti fa wáyà tán kí ẹ tó rẹ́ ìpele ìkẹyìn lára ògiri.

Ọ̀dà

Ọ̀dà oníke (emulsion) tí a ń rà ní gálọ́ọ̀nù yóò tún dí ògiri náà lójú, gbogbo làálàá òkè yìí á sì di asán. Láìmù náà ni kí ẹ fi kùn ún. Ẹ rẹ ẹ́ sómi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèrí, ó kéré tán mọ́jú, bó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì ó tún dára jù. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ bu omi sí i kó ṣàn bí ògì gbígbóná tó lómi jù. Tí ẹ bá fẹ́ àwọ̀, ìyẹfun pupa tàbí ìyeyè tí àwọn tó ń ṣe ìntálọ́ọ̀kì ń lò ni kí ẹ rà, torí láìmù kì í pa á láwọ̀ dà. Kó má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n láìmù lọ, kí ẹ sì po èyí tó tó gbogbo ògiri náà lẹ́ẹ̀kan, torí kò rọrùn láti po àwọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ ta omi sára ògiri, ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní àárọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn kò mú. Ní tútù, ẹ ó rò pé ẹ kò kun nǹkan kan, ògiri yóò ṣì hàn gbangba lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má torí ẹ̀ jẹ́ kó ki. Bó bá ń gbẹ ni yóò máa funfun. Ìkùn mẹ́rin sí márùn-ún, ọjọ́ kan láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń kó ẹrù padà, ẹ jẹ́ kí kọ́bọ́ọ̀dù àti bẹ́ẹ̀dì jìnnà díẹ̀ sí ògiri ìta kí afẹ́fẹ́ lè kọjá lẹ́yìn wọn, kí ẹ sì tọ́jú láìmù tó ṣẹ́kù sábẹ́ omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní dídé pinpin, torí ojú ògiri tí òjò ń kọ́kọ́ nà yóò tún bèèrè ìkùn kan tàbí méjì lẹ́yìn ọdún díẹ̀.